Katakata Tó Ń Mu Kaíkaí ní Rumuigbo

Tí Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá ní Rumuigbo, ní Port Harcourt, ewúrẹ́ á gbàgbé ewé tó wà lẹ́nu rẹ̀, ọlọ́kadà á pa ẹ́ńjìnì, ẹja inú odò Okrika lọ́hùn-ún á yọrí síta kó lè gbọ́ dáadáa. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹja. Ohùn yẹn ló sọ ọ́ di ládàánì. Iṣẹ́ agolo ló fi ń jẹun: ó ń fi òjé lẹ kẹ́tùlù tó ń jò, ó ń tún sítóòfù ṣe, ó sì lè fi agolo tòmátò ṣe àtùpà tí iná mànàmáná á rí tí ojú á tì í. Àmọ́ ta ló ń kí oníṣẹ́ agolo ní títì? “Ládàánì wa” ni wọ́n ń kí, orúkọ yẹn ló sì ń jẹ́ kó na ọrùn bí àkùkọ. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó kúkú palẹ̀ mọ́, kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbin gbáàgúdá.

Lọ́dún 2011, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbà á. Ọtí ló fà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin náà kò fi ahọ́n kan ọtí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Tolúwalàṣẹ ló kó o sí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ó sì jókòó sí Port Harcourt. Òyìnbó elépo kan tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ fi àpótí kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé. Ọmọlangidi ṣọ́jà ló kún inú àpótí náà fọ́fọ́: ṣọ́jà ọbabìnrin òyìnbó ayé àtijọ́, ẹ̀wù pupa, akoto funfun, irun imú bí ìwo màlúù, kò sì sí èyí tó ga ju ìka àárín lọ. Ìwé òfin bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n jagun lórí tábìlì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbà ọkùnrin tó yẹ kó máa tọ́jú ọmọ-ọmọ bá kó iyanrìn sórí tábìlì nínú pálọ̀, ó gbin ẹ̀ka igi sí i, ó pè é ní igbó.

Sotonye, ọmọ Okrika tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Rumuolumeni, ni wọ́n jọ ń jà ní gbogbo Sátidé. Ogun Ìjẹ̀bú, èyí tí òyìnbó gbé kò wọ́n lọ́dún 1892, ni wọ́n ń jà jù, torí Tolúwalàṣẹ kò tíì gbà pé àwọn baba òun fìdí rẹmi. Sotonye á ṣe òyìnbó, Tolúwalàṣẹ á ṣe Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú á tún fìdí rẹmi, ìyàwó Tolúwalàṣẹ á wá gbá iyanrìn.

Ní Sátidé kan, Sotonye mú àwòrán ẹ̀rọ kan wá. Ó dà bíi katakata tí wọ́n fi ń roko, àmọ́ ó ní símínì tí èéfín ń gbà jáde lórí, ó ní ìkòkò omi nínú, ooru omi tó ń hó ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ni àwọn òyìnbó ayé ìgbà yẹn fi ń fa ìbọn àgbá níbi tí ẹṣin bá ti kú. Bí Tolúwalàṣẹ ṣe rí i báyìí, oorun dá lójú rẹ̀. Ó wá ẹ̀dà rẹ̀ kékeré kiri gbogbo ọjà, kò rí nǹkan kan àfi èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe fún ọmọdé. Ó di ọjọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì wá tún sítóòfù ilé ṣe, ó na àwòrán náà sí i.

“Ọ̀ṣẹ́nì, ṣé o lè ṣe irú èyí?”

“Ọ̀gá, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ṣé orí méjì ló ní?”

Ó ṣe é. Agolo mílíìkì ló di ìkòkò omi. Páìpù bàbà ara fíríìjì tó ti kú ló gba ooru kọjá. Ọmọrí agolo òróró ló fi ṣe ẹsẹ̀ ńlá méjì tẹ̀yìn, ó fi ṣísù gé eyín sí i lára. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n fi dígí ṣe láyé àtijọ́, ló ń ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn. Símínì rẹ̀ sì rèé, ẹnu ìgò lófínńdà. Nígbà tó parí, ó tó adìyẹ, ó sì lẹ́wà débi pé ìyàwó Tolúwalàṣẹ tó ń bú wọn tẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n gbé e sókè kí òun rí ìdí rẹ̀.

Ohun tí yóò jẹ ló wá di wàhálà. Kẹrosíìnì sọ kọ́tìnnì pálọ̀ di dúdú, ìyàwó Tolúwalàṣẹ lé wọn jáde sí báránńdà. Sípírítì oníkẹ́míìsì ta wọ́n lójú, wọ́n sunkún bí ẹni tó ń sìnkú. Sotonye ní kaíkaí nìkan ló kù, ọtí líle tí wọ́n ń pọn lábúlé etí odò, ó ní iná rẹ̀ mọ́, kò lẹ́ẹ̀éfín. Wọ́n kọ́kọ́ rán Sotonye fúnra rẹ̀. Ìgò tó gbé dé kò dé ààbọ̀, ojú Sotonye sì ti pọ́n. Ó ní súnkẹrẹ fàkẹrẹ ló mú òun mu nínú rẹ̀.

“Ọ̀ṣẹ́nì,” Tolúwalàṣẹ ní, “ìwọ lo máa máa lọ rà á.”

“Èmi ládàánì?”

“Ìwọ nìkan la mọ̀ tí kò ní mu ún kó tó délé.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀ṣẹ́nì létí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé katakata ò gbọdọ̀ mutí.

Ọ̀dọ̀ Ibiere, obìnrin tó ń ta kaíkaí ní ẹsẹ̀ afárá Okrika, ló ń lọ. Ìgò àkọ́kọ́ dára. Katakata hó, ó pọ èéfín, ó fa ìbọn àgbá gun òkè iyanrìn, fèrè rẹ̀ sì dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn kó ẹrù jáde pé rélùwéè ti padà dé. Tolúwalàṣẹ ti sọ pé ti Ìjẹ̀bú ni katakata náà, kí òyìnbó lọ wá tiwọn. Ọjọ́ yẹn ni Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ ṣẹ́gun.

Ibẹ̀ ni Gafar ti yọ. Táyà ni Gafar ń tà, ohùn rẹ̀ dà bíi géètì tí wọn ò kun ní gírísì, àmọ́ kò sí ohun tó wù ú bíi kó di ládàánì. Ó gbé táyà lọ fún oníbàárà kan ní Okrika, ló bá rí ládàánì tó ń fi ìwé ìròyìn wé ìgò níwájú ṣọ́ọ̀bù Ibiere. Kí Jímọ̀ tó dé, gbogbo Rumuigbo ti gbọ́. Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù Mùbárákù dá Ọ̀ṣẹ́nì dúró lójú àwọn àgbà.

“Bàbá Khàdíjàh, kí lẹ lọ ṣe ní Okrika?”

“Epo ni mo lọ rà, Àlùfáà.”

“Epo kí ni?”

“Epo katakata.”

Gafar rẹ́rìn-ín. “Epo katakata tó wà nínú ìgò tí wọ́n fi ìwé wé?”

“Katakata kékeré ni.”

“Ó kéré tó kí ni?”

“Ó tó adìyẹ.”

“Katakata tó tó adìyẹ, tó sì ń mutí,” Gafar ní. “Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, Àlùfáà. Ọtí yẹn ló ń sọ̀rọ̀.”

Lèmọ́mù fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní kí Ọ̀ṣẹ́nì gbé katakata náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Bí katakata bá mu ọtí náà lóòótọ́, ládàánì á máa pe ìrun lọ. Bí kò bá mu ún, kí Gafar bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọ̀fun.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ìgò náà kò gbọdọ̀ kọjá gọ́tà tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí, nítorí náà ìdí igi fúrúùtù ní òdìkejì ni Ọ̀ṣẹ́nì tẹ́ pákó sí. Àwọn àgbà tò sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tiwọn, wọ́n na ọrùn bí ògòǹgò. Tolúwalàṣẹ àti Sotonye wá jẹ́rìí. Ọ̀ṣẹ́nì da omi sínú agolo, ó da kaíkaí sínú àwo iná, ó ṣáná. Ìṣáná ní “ṣìì”, ó kú. Ó ṣá òmíràn, ó kú. Ó ṣá a títí páálí ìṣáná fi ń tán lọ, katakata ń wò ó bí ẹran tó kọ koríko.

“Ó yé mi wàyí,” Gafar ní. “Wọ́n ti mu èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n bu omi rọ́pò.”

Òógùn bo Ọ̀ṣẹ́nì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tí ẹja ń gbọ́ ní Okrika kò dé eyín rẹ̀. Lèmọ́mù ti ń yíjú padà. Ìgbà yẹn ni Sotonye ti ìka bọ inú ìgò, ó lá a, ẹ̀rín sì gbé e ṣubú sídìí igi.

“Oga Oseni, dis one na water. Tí o bá ń rà á, ṣé o máa ń tọ́ ọ wò?”

“Kí n tọ́ kí ni wò? Imú ni mo máa ń dì. Mo máa ń kọjú sí odò títí obìnrin yẹn á fi dé e.”

Sotonye ní láti ìgbà ayébáyé, ẹnikẹ́ni kì í ra kaíkaí létí odò láìkọ́kọ́ tọ́ ọmọrí kan wò. Pásítọ̀ tó bá ń rà á fún oògùn ẹsẹ̀ pàápàá á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Lèmọ́mù gbọ́ eléyìí, ó dúró. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, láti ẹnu obìnrin náà lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Bí gbogbo wọn ṣe kó sínú mọ́tò Tolúwalàṣẹ nìyẹn, Lèmọ́mù pẹ̀lú láwàní rẹ̀ níwájú, àwọn yòókù fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn, ó di Okrika.

Ibiere kò janpata rárá.

“Dis man?” ó ní. “E no dey taste. E go hold nose, turn face, say make I cover am quick. Customer wey no get mouth, wetin you want make I do?”

Ó ní ìgbà kejì tó wá lòun bu omi díẹ̀ sí i, kí òun fi wò ó bóyá á sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Òun tún bu sí i. Èyí tó gbé lọ kẹ́yìn yìí, ká sòótọ́, omi ni, kaíkaí kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

“Ẹ rí i,” Sotonye sọ fún Lèmọ́mù. “Ọ̀mùtí wo lẹ mọ̀ tí wọ́n ń ta omi fún tí kò mọ̀?”

Ibiere ní kí wọ́n má pe òun lólè, ó bu ojúlówó sínú ọmọrí, ó nà án sí Lèmọ́mù. Lèmọ́mù fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Ibiere bá ṣáná sí i. Iná aláwọ̀ sánmà jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìní èéfín, Lèmọ́mù kò sì mọ ìgbà tó tún sún mọ́ ọn, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tẹ imú sí ọmọrí náà kó lè rí i dáadáa.

“Lèmọ́mù wa, ẹ kú fàájì o.”

Asiata ni, Asiata ẹlẹ́ja tó ń kírun lẹ́yìn wọn ní Rumuigbo, tó wá ra ẹja. Ó kúnlẹ̀ tòun ti báàfù lórí. Ojú rẹ̀ kúrò lára Lèmọ́mù lọ sọ́dọ̀ Gafar, ó ti ọ̀dọ̀ Gafar lọ sórí ìgò.

“Epo la wá rà,” Lèmọ́mù ní.

“Epo kí ni, Àlùfáà?”

“Epo katakata.”

Asiata wo ìgò náà lọ, ó wò ó bọ̀. “Katakata yẹn á mà kéré o.”

“Ó tó adìyẹ,” Gafar ní. Òógùn ti bo òun náà.

Lèmọ́mù ní Asiata kò gbọdọ̀ lọ ibì kankan. Wọ́n gbé òun àti ẹja rẹ̀, pẹ̀lú ìgò ojúlówó kan, sínú mọ́tò, wọ́n sáré padà sí Rumuigbo, Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló sì ń pariwo sí Ọ̀ṣẹ́nì pé kó ṣáná kíá. Iná ràn. Omi hó. Katakata pọ èéfín, ó ké, ó wọ́ ìbọn àgbá gba etí gọ́tà lọ, ọpọlọ bẹ́ sá lọ́nà fún un. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀ tó ti Lèmọ́mù. Ó mú Asiata lọ́wọ́, ó ní kó wò ó dáadáa, kó sì ròyìn ẹ̀ fún àwọn obìnrin bó ṣe rí gan-an, kó má fi iyọ̀ sí i.

Ó wá dájọ́. Ọ̀ṣẹ́nì ni ládàánì. Ní ti kaíkaí, ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ débi tó fi rí ládàánì ni kó máa lọ rà á, kó máa ṣáná sí i wò kó tó gbà á.

“Títí di ìgbà wo, Àlùfáà?” Gafar bi í.

Tolúwalàṣẹ ló dá a lóhùn. “Títí ogun Ìjẹ̀bú á fi parí.”

Ogun náà kò tíì parí. Bẹ́ẹ bá kọjá lẹ́sẹ̀ afárá Okrika lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ó rí Gafar tó lóṣòó síwájú Ibiere, tó ń ṣáná sínú ọmọrí ìgò, tó sì ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá kí i.