Agbada Gàrí Lórí Ọparun

Lọ́dún 2009, nígbà tí sójà pọ̀ ní Warri ju ẹja lọ, sójà mọ́kànlá yọ sí àdúgbò wa ní Ekete, lẹ́bàá Warri, lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì yí agbada gàrí kan ká. Agbada náà wà lórí ọparun gíga lẹ́yìnkùlé Akíndúró. Ó dúdú, epo ń dán lára rẹ̀, ó kọjú sí ìhà Warri, okùn mẹ́ta sì so ó mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ inú omi tó ń bá ìjọba jà ti ri ohun ìjà mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n na ìbọn sí agbada. Agbada ò mira.

Ọ̀gá wọn bèèrè ẹni tó ni ín. Àwa ará àdúgbò, tí a kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ rárá, a na ìka sí ilé Akíndúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jáde wá, ó ró aṣọ mọ́dìí, sukurudiráfà kékeré há sí ẹ̀yìn etí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títún ṣe ló ń ṣe. Ọ̀gá sójà ní, "Oga, wetin be dat?"

Akíndúró wò ó, ó wo òkè, ó ní, "Na my wife agbada."

Ọ̀gá sójà ní òun ò wá ṣeré. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti ìdí ààrò. Adébímpé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Ìyá Cynthia la máa ń pè é. A rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń bẹ ọkùnrin yìí kó sọ agbada òun kalẹ̀, tó ń sọ pé nǹkan ń ṣí lọ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Gàrí òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ nínú àpò. Ọlọ́run ló rán àwọn sójà wá. Ó tiẹ̀ fi ibi tí wọ́n so okùn sí hàn wọ́n.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Sájẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Hàmídù, ọmọ Abẹ́òkúta, fi èékánná ha etí agbada, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Na garri, sir. E sour well."

Ẹjọ́ ì bá parí síbẹ̀, Akíndúró ni kò jẹ́. Ó ní wọn ò lè wá ba òun lórúkọ jẹ́ nínú ilé òun kí wọ́n sì máa lọ láìrí iṣẹ́ tí agbada ń ṣe. Ó kó okùn lé sójà mẹ́ta lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fà á sókè, wọ́n fà á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì íńtánẹ́ẹ̀tì sì wọlé. Kò pẹ́ tí Hàmídù fi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń wo fọ́tò ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí lóṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ tí kò tíì fojú kàn. Ó wò ó títí. Ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ pé ó yá.

Kí wọ́n tó lọ, ọ̀gá sójà dá ẹjọ́ láàárín tọkọtaya. Ó ní agbada jẹ́ ti gàrí títí gàrí á fi tán, lẹ́yìn náà ó di ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó bá rú òfin yìí, òun máa padà wá. Wọ́n sì ra gàrí dání.

Ẹ má rò pé eré ni Akíndúró ń ṣe o. Ọmọ Ìlàjẹ ni, inú omi ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ìjà Warri dé lọ́dún 2003, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú sá wá sí Ekete. Òun padà lọ mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìkúnayọ̀, àwọn méjèèjì sì sá dé etí omi Ogbe-Ijoh. Ọkọ̀ kan ló wà níbẹ̀, ààyè ẹnìkan péré ló kù nínú rẹ̀. Akíndúró ti àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ní, "Wọ èyí, màá wọ èyí tó ń bọ̀." Èyí tó ń bọ̀ ò wá. Abúlé tí wọ́n ń sá lọ jóná. Àwọn kan ní ọkọ̀ náà rì, àwọn kan ní kò rì. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wá a, ẹni tó bá ní kó gba kádàrá, ó máa ń bá onítọ̀hún jà ni.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn èèyàn ń rí ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó mú ọmọ rẹ̀ Cynthia lọ sí káfè kan ní Agbassa. Cynthia bá a kọ ọ́ sí Fesibúùkù: orúkọ rẹ̀, orúkọ Ìkúnayọ̀, Ogbe-Ijoh, àti ọkọ̀ tó kún. Láti ọjọ́ náà, ó di ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n káfè ìgbà náà, ojú ìwé á ṣí dé ìdajì, ẹni tó ni ibẹ̀ á ní ẹ dìde, wọ́n ti yìnbọn ní ìkòríta. Nígbà míì, kónílé-ó-gbélé á ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Adébímpé ní kó fọkàn balẹ̀, bí lẹ́tà bá dé, á dúró dè é.

"Lẹ́tà lè dúró," Akíndúró ní. "Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Tí mi ò bá tètè dáhùn, kò ní rò pé mo ti kú?"

Bó ṣe pinnu nìyẹn pé íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọ ilé òun wá, kó sì máa gbé ibẹ̀. Ekete ìgbà yẹn rèé, ká tó lè pe ẹni tó wà ní Warri, a máa jáde sójú títì ká máa pariwo. Ó lọ bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà létí. Ọmọkùnrin tó ń tà á, Kingsley, fi àwòrán ìlú hàn án, wọ́n ti kun Ekete ní àwọ̀ yẹ́lò, ó ní ibi tó bá yẹ́lò ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Akíndúró ní ó dáa, kí wọ́n jọ lọ wo yẹ́lò náà.

Kingsley rò pé àwàdà ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti wà ní pálọ̀ Akíndúró ní Ekete, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹyìn wà níwájú rẹ̀, módẹ́ẹ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní pálọ̀, ó wá a ní yàrá, ó wá a dé balùwẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní, "Oga, network dey come."

Akíndúró jókòó tì í. Ó wá ní, "Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nípa ọkọ̀ nìyẹn."

Kingsley ò gbọ́ Yorùbá. Cynthia, tó ń gbọ́ ọ dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi í fèsì, ló sọ gbogbo ìtàn náà fún un ní Píjìn. Kingsley gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gun igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú táì lọ́rùn, orí ṣóńṣó igi náà ló sì ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Akíndúró fi gbé orí igi. Àwa tí a bá ń kọjá á kí i pé, "Ẹ kú orí igi o," òun náà á ní, "Ẹ kú ilẹ̀." Àwọn oníbàárà ń so rédíò mọ́ okùn, ó ń fà á sókè, ó ń tún un ṣe níbẹ̀. Òjò ló lé e sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò náà rọ̀, ilẹ̀ tutù, kò ríbi gbé módẹ́ẹ̀mù sí, ó bá gbé e sínú agbada tí ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Bí iná ara módẹ́ẹ̀mù ṣe yí àwọ̀ padà nìyẹn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Akíndúró jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, agbada ti wà lórí ọparun, módẹ́ẹ̀mù wà nínú rẹ̀, wáyà gígùn sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà inú ilé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ní kì í ṣe agbada ló ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ó ní epo ni. Adébímpé máa ń jẹ́ kí gàrí kan bíi ti Ìjẹ̀bú, á tún fi epo sí i kó pọ́n bí àwọn ará Warri ṣe ń fẹ́ ẹ, epo ọdún méje ló sì ti mu agbada yẹn yó. Ọmọ yunifásítì kan ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ìwé, bí agbada ṣe tẹ̀ kọdọrọ ló ń kó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ. Akíndúró bi í léèrè pé gàrí mélòó ló ti yan láyé rẹ̀. 

Lẹ́yìn tí sójà ti ṣe òfin, gbogbo Ekete ń tẹ̀ lé e. Gàrí ní láti tán kí agbada tó gòkè. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wo èsì ìdánwò tàbí tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó ní láti kọ́kọ́ bá Adébímpé bó ẹ̀gẹ́. Mo rí àwọn géńdé tí kì í fọ abọ́ nílé wọn, wọ́n ń sẹ́ gàrí. Tí wọ́n bá ń yọjú ṣáá, Cynthia á pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Mama never fry finish." Adébímpé ò tà tó báyìí rí láyé rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣàròyé pé ọkọ òun ti sọ agbada òun di òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí agbada ti gòkè, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Orúkọ ló kọ́kọ́ hàn: Ìkúnayọ̀. Kí ìyókù tó jáde, ìjì dé, ọparun ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Akíndúró ti gé ọparun tuntun, ó ti rì í mọ́lẹ̀, ó ti so okùn. Ṣùgbọ́n agbada ti wà lórí iná. Adébímpé ní gàrí àpò mẹ́ta láti kó fún àwọn tó fẹ́ sìnkú ní Agbassa, ọkọ̀ sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án.

Akíndúró wá dúró sí ìdí ààrò.  Ọkùnrin tó bá sójà jiyàn, tó bá ọmọ yunifásítì jiyàn, tó ń bá òjò jiyàn, ó dúró, ó ń wo igbá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yí gàrí. Òfin ni òfin. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dẹ́rù ba Adébímpé.

Ó ní, "Bàbá Cynthia, kí ló dé?"

"Ìkúnayọ̀ kọ̀wé."

 Adébímpé da gàrí tí kò tíì gbẹ sórí ẹní, ó fi àkísà di agbada mú bó ṣe gbóná, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e dé ìdí ọparun. Àkísà yẹ̀ lójú ọ̀nà, iná jó o lọ́wọ́ òsì, kò sì sọ ọ́ sílẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀ dòní. Láyé Akíndúró, tó bá ń sọ ìtàn yìí fún àlejò, ó máa ń ní kí ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ jáde, bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí hàn.

Lẹ́tà náà ò gùn. Ìkúnayọ̀ ti bá àwọn apẹja lọ dé Límbè ní Kamẹrúùnù, wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní etí omi, kó tó rí orúkọ rẹ̀ lórí Fesibúùkù. Cynthia ló kà á sókè fún bàbá rẹ̀, ọmọ tí kì í sọ Yorùbá, ó kà á tán pátá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tí ẹ ní kí n wọ̀ gúnlẹ̀. Mo dúró de èyí tó ń bọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Akíndúró sunkún lójú gbogbo wa, kò sì bo ojú. Ó wá nu ojú nù, ó yíjú sí ọmọ yunifásítì, ó ní, "O ò rí i? Epo ni."

Nígbà tí Ìkúnayọ̀ wá sí Ekete ní oṣù kejìlá, agbada tuntun ló gbé lérí wọlé fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ti àtijọ́ ṣe di ará orí ọparun pátápátá nìyẹn. Adébímpé ò dákẹ́ o. Ó ní ti tuntun ò yan gàrí dáadáa, kí wọ́n sọ ti òun kalẹ̀. Ọdún méje gbáko ló fi ń sọ ọ́, Akíndúró sì ń dá a lóhùn pé ó ń bọ̀.

Akíndúró kú lọ́dún 2016, nígbà tí àwọn kan tún ń fọ́ páìpù epo rọ̀bì nínú omi, tí sójà tún kún ìlú. Ìkúnayọ̀ ló gbé orí rẹ̀ lé itan ní wákàtí ìkẹyìn. Nígbà yẹn, wọ́n ti ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá mọ́ ojú títì, àwọn ọmọdé ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù nínú yàrá, kò sẹ́ni tó ń gun igi mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ọkùnrin àdúgbò rò pé ká ṣe ohun tí Ìyá Cynthia ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá. A tú okùn. Agbada ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ nígbà tó jáde sí wa.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀?"

Ẹnìkan nínú wa ní agbada rẹ̀ ni, àti pé kò wúlò fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Adébímpé fi ọwọ́ tó ní àpá yẹn pa etí agbada, ó wo ìhà Warri.

"Ẹ fà á padà sókè," ó ní. "A ò mọ ẹni tó tún ń wá wa."

A fà á padà. Ó dúró tì wá títí a fi so okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ká tún fún ti ẹ̀yìn le dáadáa, ó sì padà sídìí ààrò lọ yan gàrí nínú agbada tuntun, ó ń ṣàròyé pé kò dára tó.