Lẹ́tà Tí Àǹtí Mi Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ìwé

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé orí àǹtí mi ti dàrú ni. Mo gbé oúnjẹ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń yọ́ wọlé kí n lè fi ọwọ́ tútù bò wọ́n lójú látẹ̀yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí wọ́n ń bá ìkòkò gọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀. Wọn ò kọrin o, wọn ò sì gbàdúrà. Wọ́n ń bi ìkòkò ní ìbéèrè, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, wọ́n á tún dá a lóhùn, ní èdè kan tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Díẹ̀ ló kù kí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí! Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Wọ́n fò sókè. Búrọ́ọ̀ṣì já bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè kanlẹ̀kùn ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí àyà mi fi já. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Iṣẹ́ aránwèé ni wọ́n ń ṣe. Ìwé tó bá ti tú, tí ojú ewé rẹ̀ ń já bọ́, àwọn ló máa ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an padà, tí wọ́n á sì fi awọ bò ó. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Àǹtí Gọ́ọ̀mù, nítorí gọ́ọ̀mù kì í kúrò ní èékánná wọn, Sọ́ńdè pàápàá. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kí wọn, ọ̀kan àbọ̀ ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Ìyá mi sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, igbe kan péré ni wọ́n ké, wọ́n wá dákẹ́ láti wo ohun tó ń lọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo bá tó ń bá ìkòkò tàkúrọ̀sọ.

Wọ́n wá ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Awọ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń kọ̀wé sí láyé àtijọ́, ló wà nínú rẹ̀, ó gbẹ, ó pọ́n bí eyín arúgbó, wọ́n sì kọ nǹkan wẹẹrẹ sí i lára.

Inú ẹ̀yìn ìwé kan ni wọ́n ti rí i ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà kan ló gbé ìwé ńlá àtijọ́ náà wá fún àtúnṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí, àwọn aránwèé kì í ju pépà tàbí awọ ìkọ̀wé nù. Ìwé tó bá ti gbó kọjá àtúnṣe, wọ́n á gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi tẹ́ ẹ̀yìn ìwé mìíràn lábẹ́ awọ kó lè le. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà lọ́hùn-ún nìyẹn, bí àǹtí mi ṣe ń ṣe é títí dòní náà nìyẹn. Àwọn àlùfáà ní kí wọ́n máa mú awọ náà lọ. Èdè Látìnì ló wà lára rẹ̀, Látìnì ayé àtijọ́ tí àwọn adàwékọ ń lò kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé. Ọdún méjì gbáko ni àǹtí mi fi jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè kan kí wọ́n tó mọ ohun tí adàwékọ kan kọ sí etí awọ náà.

"Ó ní kí ni?" Mo ti ń retí ibi tí wọ́n bo ìṣúra mọ́lẹ̀ sí.

"Ó ní, 'Otútù ń mú, ìka ń dùn mí.'"

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tó ti kọ ọ́." Wọ́n wo ìka tiwọn tí abẹ́rẹ́ ti gún di líle. "Mo fẹ́ mọ nǹkan mìíràn tó sọ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè náà nìyẹn, àwọn nìkan, nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ kan wà lókè òkun tó ń kó àwọn èèyàn jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti kọ́ Látìnì àtijọ́ láti inú ìwé àfọwọ́kọ fúnra rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń san owó ọkọ̀ òfuurufú fún ẹni méjì tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá. Àǹtí mi ti kọ̀wé sí wọn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìkòkò ni wọ́n fi ń kọ́ ẹnu wọn.

"Kí ló dé tó jẹ́ ìkòkò, Àǹtí? Ṣé èmi ò sí ni?"

"Ìkòkò kì í fi èèyàn rẹ́rìn-ín."

Ẹ ò rí nǹkan! Èmi ni wọ́n ń bá wí, mo sì mọ̀. Ó yẹ kí n gbọ́n lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gbélé. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ tẹ lẹ́tà kan sórí pépà dáadáa, mo fi ìdérí ìgò ọtí ṣe òǹtẹ̀ sí i nídìí, mo sì tì í wọ abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Báyìí ni mo kọ ọ́: "Inú wa dùn láti gbà yín wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìrọ̀rí tiyín dání, ewúrẹ́ kan, àti ìwé ẹ̀rí dókítà pé ẹ kì í hanrun."

Mo sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti wò wọ́n. Wọn ò ka kọjá ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n gbé lẹ́tà náà lé orí, wọ́n sì jó yí tábìlì po. Àǹtí mi! Jó! Mi ò rí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n wá dúró láti ka ìyókù. Nígbà tí wọ́n dé orí ewúrẹ́, gbogbo ara wọn dákẹ́ bíi rédíò tí iná lọ mọ́ lórí.

Wọn ò bú mi. "Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn. Àtìgbà náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà gidi tètè dé.

Ó sì dé. Èmi ni mi ò sí nílé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo ń bá wọn gba iná sí fóònù wọn, èyí tó máa ń sùn sábẹ́ òwú nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó ṣe tàn báyìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo pariwo.

"Àǹtí! Wọ́n ti gbà yín!"

Wọn ò tiẹ̀ gbé orí sókè. "Ewúrẹ́ mélòó ni kí n mú wá lọ́tẹ̀ yìí?"

"Mi ò ṣeré!"

"Ìgbà wo ni o ò ṣeré rí?"

"Ẹ wò ó fúnra yín! Wọ́n ní àwọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín, nọ́mbà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ tẹ nọ́mbà yẹn ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán òní tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún ní àyè yín!"

Ọ̀bẹ dúró lórí awọ. "Lẹ́tà wo? Ṣé èyí tó ní láti ọjọ́ tí mo bá dé, mi ò gbọdọ̀ sọ èdè ìyá mi mọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á fi pé, ìbáà ṣe nídìí oúnjẹ?"

"Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀!"

"Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní rò pé ìwọ ni?" Wọ́n gba fóònù, wọ́n kà á. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lára.

Mo pe nọ́mbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀rọ ló dáhùn pé ó di Mọ́ńdè.

"Àǹtí, níbo ni lẹ́tà náà wà?"

"Mo ti gé e."

"Ẹ gé e kẹ̀?"

"Pépà rẹ̀ nípọn. Ó dára." Wọ́n ń wo àlàfo kan lórí pẹpẹ. "Mo fi tẹ́ ẹ̀yìn ìwé Bàbá Tíṣà."

Mo di orí mú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Tíṣà, òpópónà kejì sí wa ni wọ́n ń gbé. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi fọwọ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé, àǹtí mi sì ti fi awọ pupa bò ó. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá gbé e.

Aago mẹ́wàá àbọ̀ ti lù. Mo di fóònù wọn mú, a sáré. Àǹtí mi tí kì í yára rìn ló ṣáájú mi, àpò ọ̀bẹ àti aṣọ ìnu lọ́wọ́ wọn, gọ́ọ̀mù ní iwájú orí. Àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

A bá Bàbá Tíṣà ní pálọ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí aṣọ funfun lórí tábìlì, wọ́n sì ń fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó ṣí i. "Háà, Àǹtí Gọ́ọ̀mù! Ṣé ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín ni?"

Mo la ẹnu. Àǹtí mi di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ dákẹ́. Ẹnu tìẹ ti ṣe tó." Wọ́n wá sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ju èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́dún tó kọjá lọ: awọ inú agolo, ìkòkò, lẹ́tà ewúrẹ́, lẹ́tà gidi. Mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Bàbá Tíṣà gbé ọwọ́ lé ìwé wọn. "Ẹ fẹ́ fa ìwé mi ya."

"Mi ò ní fà á ya, sà. Màá tú u ni, màá sì rán an padà."

"Ọdún méjìlá ni mo fi kọ ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló gba ọwọ́ mi kọjá."

Bàbá Tíṣà wo aago ara ògiri.

"Kí ni akọ̀wé yẹn wí, ní èdè tirẹ̀?" ni Bàbá Tíṣà béèrè.

Àǹtí mi gbójú sókè. "Frigus est, digiti dolent." Kedere ni wọ́n sọ ọ́, láìsí ìkòkò kankan nítòsí.

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Otútù ń mú, ìka ń dùn mí."

Bàbá Tíṣà wo ìka tiwọn, ibi tí bírò ti ṣe kókó sí. Wọ́n rọra ti ìwé náà síwájú àǹtí mi. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó sáré wá bá mi rí nítorí pé ó fẹ́ lọ sí kíláàsì. Ẹ tú u. Ìwọ, lọ gbé omi gbígbóná wá, má dúró wò mí bí ère."

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń yọ àǹtí mi lẹ́nu pé kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun tí wọ́n ń sè sílẹ̀, kí wọ́n ra ti ìgbàlódé inú ike tó ń gbẹ kíákíá. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn mi ńkọ́? Omi lásán ni yóò fi tú tèmi." Èmi á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí wọn ò tíì bí!"

Wọ́n fi aṣọ olómi gbígbóná bo ẹ̀yìn ìwé. A dúró. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú ogún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ọ̀bẹ tín-ín-rín gbé awọ pupa, ó sì ṣí bí ẹni ṣí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àǹtí mi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó tó mi.

Pépà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ gidi. Ìkejì, orúkọ àǹtí mi, wọ́n ti gé e sí méjì. Ìkẹta ló dojú bolẹ̀, òun náà ló pẹ́ jù kó tó gbà. Nígbà tó yí ojú padà, nọ́mbà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn ti parẹ́ díẹ̀.

"Mẹ́ta ni," ni mo wí.

"Mẹ́jọ ni," ni Bàbá Tíṣà wí, wọ́n ti gbé awò wọn sójú. "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ka ìwé ọmọ tí ò mọ̀wé kọ, ìwọ fẹ́ kọ́ mi ní mẹ́jọ?"

Mo tẹ nọ́mbà náà ránṣẹ́, mẹ́jọ ni mo fi parí rẹ̀. Nǹkan róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí yí lójú fóònù, ó yí, ó yí, ó yí. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago méjìlá lù nígbà tí èsì wọlé: wọ́n ti rí i gbà, àyè ti di tiwọn.

Àǹtí mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí ìwé wọn tú sílẹ̀ gbàgà níwájú wọn.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ," ni àǹtí mi wí nígbà tó yá, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ gbé ìkòkò dání."

Wọ́n ju aṣọ ìnu lù mí. Ó bà mí lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la gbé ìwé padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò lè fi lẹ́tà náà tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ó ti wà nínú agolo pẹ̀lú awọ àtijọ́. Wọ́n gé pépà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n sì nà án sí mi pẹ̀lú bírò. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o tọrọ àforíjì. Inú ìwé yìí ló máa wà."

Mo kọ̀wé, mo sì dá a padà. Wọ́n kà á sókè: "Ẹ̀yin tí ẹ tú ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́. Àǹtí mi ló rán an. Wọ́n ń lọ síbi tí otútù wà, ìka sì ń dùn wọ́n. Ẹ bá mi kí wọn."

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, sínú. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, gọ́ọ̀mù sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Àforíjì ni mo ní kí o kọ."

"Ó wà lẹ́yìn rẹ̀, Àǹtí."

Wọ́n yí i padà. Ewúrẹ́ ni mo yà síbẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí lórí.

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun ewúrẹ́ náà ní gọ́ọ̀mù láti ìwo dé ìrù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, Bàbá Tíṣà ò mọ̀ pé ewúrẹ́ kan wà nínú ìtàn ìgbésí ayé wọn.