Ẹ̀kọ́ Kìíní Ọjọ́ Ìkórè

Tíṣà Rufus ti Lálúpọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì nínú òfin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, ẹni tó bá máa ka ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kà á sétí Tíṣà lọ́jọ́ Sátidé. Fọlájìmí, ọmọ bíbí inú rẹ̀, kò wá nígbà kan. Baba ní kó jókòó, ẹlòmíràn ló kà á.

Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀la, Àlùfáà Ìyanuolúwa wá bá a.

"Tíṣà, Họ́nárébù Láyí ni yóò ka ẹ̀kọ́ kìíní. Ìbò ti dé tán, wọ́n sì fẹ́ bá wa ṣe òrùlé. Ẹní da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."

"Ṣé wọ́n á wá kà á sí mi létí nírọ̀lẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin náà! Èèyàn ńlá ni wọ́n."

"Ọlọ́run ńkọ́, Àlùfáà? Ṣé èèyàn kékeré ni?"

Họ́nárébù kò yọjú. Tíṣà jókòó dè é nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ìsìn ti lọ jìnnà kí ọkùnrin náà tó dé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pariwo orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ilé Ọlọ́run. Ó dúró nídìí Bíbélì, ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, kò rí ìwé Ámósì. Ó bá pa á dé.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dìbò fún mi!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́! Àwọn àgbààyà tí Tíṣà kọ́ ní ABD ló ń pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú gbáà ni.

Tíṣà dìde, ó lọ síwájú, ó ṣí Bíbélì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí wòlíì ti ń bá àwọn tó ń tẹ aláìní mọ́lẹ̀ wí. Ojú Họ́nárébù pọ́n. Àlùfáà ju ọwọ́ sí àwọn akọrin pé kí wọ́n kọrin bò ó. Mojísọ́lá, ìyàwó Tíṣà, ni olórí akọrin. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo òkè níbi tí páànù ti dá lu, ó sì gbé orin. Gbogbo ìjọ gbè é.

Tíṣà kà á dé ìparí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Nílé, Mojísọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá Fọlájìmí. Òjò ń pa wá ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn."

"Òjò ò pa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rí, Mojísọ́lá. Ẹ̀yin lẹ pa á lónìí, ìwọ lo sì gbé orin ìsìnkú rẹ̀."