Wọ́n Ní Màmá Ti Relé

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìwó ni ìyá wa ń gbé. Nígbà tí àìsàn gbé wọn dé ọsibítù, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń wí: "Ẹ bá mi pe ọmọbìnrin mi, kí n fojú kàn án." Èmi rèé ní Onitsha, ní Woliwo níbi tí mo ti ń ránṣọ, ọkàn mi ò sí lára abẹ́rẹ́ mọ́. Mò ń rán an, mò ń tú u. Mo bẹ Ọlọ́run títí ẹnu fi ń ro mí: ẹ ṣáà jẹ́ n bá wọn láyé.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ náà ni mo di àpò. Mo wá lọ sí gáréèjì Bridge Head lọ bèèrè ọkọ̀ Ìbàdàn tó máa kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn ajáfóònù ò jẹ́ kéèyàn gbádùn níbẹ̀, nítorí náà mo fi fóònù sílé fún ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún méje ni. Onitsha ló dáyé sí, Igbo ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi, ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń sọ ò ju "wá jẹun" àti "lọ wẹ̀" lọ.

Bí mo ṣe dé, ó sáré pàdé mi. "Mummy, Uncle call o! Uncle say Grandma don go house!"

Mo kígbe ayọ̀. Wọ́n ti dá ìyá mi sílẹ̀ lọ́sibítù! Mo jó wọ yàrá Mama, arúgbó Igbo tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa, òun náà nawọ́ sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run: "Chukwu, dalu!" A jọ jó o. Mo fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi padà, fóònù ti kú, iná ò sì sí ní Woliwo látàárọ̀. Mo ní kò burú. Ẹni tó ti délé, kí ni mo tún ń sáré sí? Mo tú àpò mi, mo padà sídìí iṣẹ́, mo ń kọrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gba fóònù níbi tí mo fi í sí kí wọ́n bá mi gba iná sí i, mo pè. Mi ò tiẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. "Ẹ fún Màmá ní fóònù, ẹ jẹ́ n gbóhùn wọn."

Wọ́n ní, "Ibo lo bá a dé?"

"Ilé ni mo wà. Onitsha."

"Onitsha kẹ̀? Ṣebí mo ránṣẹ́ pé Màmá ti relé! A rò pé o ti wà lọ́nà. A dúró dè ẹ́ títí, Ààfáà ní òkú mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ibi ibojì la ti ń bọ̀ báyìí."

Yéè! Mo ṣubú lulẹ̀. "Ta lẹ ń pàṣamọ̀ fún? Ọmọ Onitsha? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú sọ pé wọ́n kú? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pa mí o!"

Wọ́n ń sọ fún mi lórí fóònù pé òkú àgbà ni, ijó là ń jó, kì í ṣe ẹkún. Ijó wo? Mo ti jó o lánàá.

Mama wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí, ó ń bá mi kẹ́dùn. "Ndo, nne, ndo." Ó ń sunkún ẹni tí kò rí rí. Ọmọ mi dúró, ó ń wò wá.

"Mummy, Grandma don go house. You no want make she go house?"

Mo fà á mọ́ra. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá relé bẹ́ẹ̀ kì í padà wá, a ò ní rí wọn mọ́. Ó mi orí pé òun gbọ́. Omijé kankan ò bọ́ lójú ẹ̀.

Nígbà tó yá mo nu ojú mi, mo tún fa àpò jáde. Bí mi ò bá ojú wọn, kí n bá iyẹ̀pẹ̀ wọn ní tútù.

"Mummy, where you dey go?"

Mi ò rò ó kí n tó dáhùn. "Mò ń lọ sílé."

Ọmọ náà figbe ta. Ó dà bo àpò náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, omijé ń dà sórí aṣọ mi. Yorùbá ló sì ń sọ, ketekete: "Màámi, ẹ má lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sílé."