Ọkọ Mi Kékeré Nídìí Kẹ́ẹ̀gì Ẹ̀sáǹsì

Nígbà tí mo padà sílé-ẹ̀kọ́, ọmọ mi àgbà ti ń fá irùngbọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ni, lẹ́bàá títì ní Ifangni, a ń fi Faransé kọ́ ètò ìlera ará ìlú níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ní kíláàsì, mo lè bí wọn lọ́mọ. "Màmá" ni wọ́n ń pè mí, bí ìdánwò bá sì dé, wọ́n á máa yọjú wo ìwé Màmá. Olùkọ́ wa, tó ń ti Àjàṣẹ́ wá, sọ lọ́jọ́ kìíní pé dókítà a máa jókòó de aláìsàn, ṣùgbọ́n àwa, ojú ọ̀nà la ó ti pàdé àìsàn, a ó sì dá a padà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá rí ìrìn mi nígbà tí mo ń darí sílé á rò pé mo ti mú ibà kan so mọ́ igi.

Ó wá fún wa níṣẹ́: kí kálukú wá ìwà kan tó ń pa ará ilé rẹ̀ lára, kó bá wọn yí i padà, kó sì wá ròyìn níwájú kíláàsì. Àwọn ọmọdé ń wá ìwà káàkiri. Èmi ò rìn jìnnà. Iwájú ilé wa ni tèmi jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wúkọ́.

Àbúrò ọkọ mi ni. Ẹ̀sáǹsì ló ń tà, epo ọkọ̀ tó ń wọlé láti Nàìjíríà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bó bá fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò, á ti rọ́bà gígùn bọ kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu, á fi ẹnu fa orí kejì, epo á dé ẹnu rẹ̀, á tu ú dànù, á wá ki rọ́bà bọ ìgò. Àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ikọ́ rẹ̀ kì í tún ṣe ti ẹni tí omi há lọ́fun mọ́. Ìsàlẹ̀ àyà ló ti ń wá, ẹ̀wù rẹ̀ sì ti ń tóbi jù ú lọ.

Mo dàgbà jù ú, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí n tó wọlé bí ìyàwó. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí. N kò lè pe orúkọ rẹ̀, n kò lè pè é ní "ìwọ", ká má tilẹ̀ wá sọ pé kí n ka nǹkan léèwọ̀ fún un. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é. Nítorí náà, mo kúnlẹ̀ kí n tó gbé ètò ìlera kalẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ dákun, ẹ̀sáǹsì yìí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró yín. Ikọ́ yìí kò dáa."

"Ìyàwó, ikọ́ bàbá wa ni. Ogún ni."

"Ṣé bàbá náà ta ẹ̀sáǹsì ni?"

"Rárá o. Wọ́n kàn ń wúkọ́ ni."

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹyìn. Àwọn ló ń ṣe epo pupa nílé wa, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń fún ọmọ wọn ní ṣíbí kan mu kó tó fẹnu kan rọ́bà. Epo pupa ń pa oró, ta ni kò mọ̀? Wọ́n gbà pé ó ń bo ọ̀nà ọ̀fun, tí ẹ̀sáǹsì kò fi ní rí ibi dì mú. Olùkọ́ wa ti là á yé wa pé ikùn ni epo pupa ń lọ, àyà ni òórùn ẹ̀sáǹsì ń gbà, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀, kó ní epo wọn kò ṣiṣẹ́? Ẹ bá mi wá a, kí n lọ kí i. Ọkọ mi gan-an ní àbúrò òun kì í ṣe ọmọdé, àti pé kí ni yóò tà bí kò bá ta èyí?

Mo wá dọ́gbọ́n. Mo lọ sí Ìgólò lẹ́nu ibodè, mo ra ẹ̀rọ kékeré onírọ́bà kan tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, tó ń fa epo láìlo ẹnu. Ọkọ mi kékeré gbà á tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń fi í ṣẹ̀sín: "Bàbá, ṣé wàrà màlúù lẹ ń fún ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ ní kíláàsì sínú, pẹ̀lú ibi tí wọn óò ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kò pẹ́ tó fi gbé ẹ̀rọ náà wá bá mi. Rọ́bà rẹ̀ ti wú, ó rọ̀ bí ẹ̀bà àná tí omi wọ̀.

"Ìyàwó, ẹ̀sáǹsì ti jẹ ẹ̀rọ rẹ."

Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má bínú. Mo ní, "Ọkọ mi kékeré, bó bá lè jẹ rọ́bà báyìí, kí lẹ rò pé ó ń ṣe nínú àyà yín?"

Ó wo rọ́bà náà. Àní ó fọwọ́ kan àyà. Díẹ̀ báyìí ló kù kó gbà.

Ìyá kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹyìn. "Rọ́bà kì í mu epo pupa," ni wọ́n wí.

Ọkọ mi kékeré mí kanlẹ̀, ó lọ mú rọ́bà gígùn rẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo kà, n kò rí ojú ewé tí èsì ìyẹn wà. Nígbà tó wá ṣe díẹ̀, ilé ìwòsàn ní kó lọ ya fọ́tò àyà ní Àjàṣẹ́. Ó ní ẹwà òun kò tíì tó ti ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò láti inú. Kò lọ.

Lọ́jọ́ tí mo máa ròyìn, mo tẹ alùpùpù mi, kò dáhùn. Epo ti tán. Àwọn ọlọ́kadà sì ti ra gbogbo èyí tó wà nínú ìgò, kẹ́ẹ̀gì nìkan ló kún. Mo ní n óò fẹsẹ̀ rìn.

"Kí wọ́n lè sọ pé ẹlẹ́sáǹsì jẹ́ kí ìyàwó ilé rẹ̀ fẹsẹ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́?" Ó ti dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n fà á fúnra mi." Mo nawọ́ sí rọ́bà.

"Ìwọ? Pẹ̀lú ẹnu tó fẹ́ lọ sọ Faransé?"

Ìyá ń wò wá. N kò lè já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọkọ mi kékeré níwájú wọn. Ó lóṣòó ti kẹ́ẹ̀gì, ó fà, ó tu. Ikọ́ gbé e. Ó fi ọwọ́ kan di bẹ́ǹṣì mú. Èkejì dúró ṣinṣin lórí ìgò, ẹ̀kán kan kò dànù.

"Ó yá, lọ kọ́ wọn."

Ní kíláàsì, ẹnì kan ti mú kí ará ilé rẹ̀ máa fọṣẹ fọwọ́, ẹlòmíràn ti bá wọn bo kànga. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ti ẹ̀rọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ìyá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú.

"Ó dáa, Màdáàmù. Ẹni náà ńkọ́? Ṣé ó ti jáwọ́?"

"Rárá, ọ̀gá. Òun ló fẹnu fa epo tí mo fi dé ibí láàárọ̀ yìí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Olùkọ́ mú bíírò rẹ̀, ó sì tún gbé e kalẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo rò pé ó yẹ ká ṣe. Èmi sì ti rò pé òun ló máa sọ fún mi.