Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Dáhùn Pé "A Dúpẹ́"

Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí mi, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí katakata wá la títì iwájú ilé wa ní Òkè-Ògbó, tí gbogbo ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e, èmi náà sá tẹ̀ lé e, mo sì ti tó ẹni tí í ru omi délé láìdà á nù. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tì wá mọ́lé. Kékeré ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo gbàgbé níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, nígbà kòrónà tí ìjọba ní kónílé-ó-gbélé, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ráhùn pé ilé sú yín. Mo kàn ń wò yín ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú tèmi rí.

Ìyá mi ni ara kọ́kọ́ ń ro. Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan sú sí wọn lójú àti lápá. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní ilẹ̀ ti gbóná. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. A kì í dárúkọ àrùn náà gan-an, kó má baà rò pé à ń pe òun. Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n bupá fún èmi àti ìyá àgbà, àpá rẹ̀ ṣì wà lára mi dòní. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jáde. Ìyá àgbà wá fọwọ́ ara wọn so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àlejò lè rí i kó yà. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n gbé ìyá mi sí. Obìnrin àdúgbò kan tó ti ṣe é rí, tí ojú rẹ̀ kún fún àpá, ló ń tọ́jú wọn, torí ẹni tó bá ti ṣe é rí kì í ṣe é mọ́. Èmi ò gbọdọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn.

Oko lọ́nà Edúnàbọ̀n ni bàbá mi wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ilé ti tì, wọ́n bá ara wọn níta. Ọjọ́ kẹta-kẹta ni wọ́n ń gbé iṣu wá sẹ́yìn ògiri, wọ́n á béèrè ìyàwó wọn, ìyá àgbà á ní, "Ó wà níbẹ̀," wọ́n á sì padà sóko.

Àárín ògiri mẹ́rin ni mo wà. Mò ń gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ṣeré níta. Bí wọ́n bá dé iwájú ilé wa, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá figbe ta, "Ilé gbígbóná! Ilé gbígbóná!", wọ́n á sì sá lọ. Mo mọ gbogbo ibi tí ògiri wa ti sán. Mo mọ aláǹgbá tó ń gbé inú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dìde, kò síbi tí mo ń lọ. Bí mo bá jókòó, ó dà bíi pé òrùlé ń sọ̀ kalẹ̀ bá mi.

Ìyá àgbà gbé agbọ̀n òwú sílẹ̀ níwájú mi.

"Jókòó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé, wọn ò ti ọwọ́."

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń yọ kóró òwú, bí a ṣe ń fi eérú pa ìka, àti bí a ṣe ń yí ìrànwú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní amọ̀ róbótó nídìí, kí òwú máa fà jáde. Tèmi ń já ṣáá ni. Ibi tí kò bá já, á ki pọ́pọ́.

"Ṣé okùn ewúrẹ́ lò ń ràn ni? Afọ́jú nìkan ló máa wọ aṣọ tí wọ́n bá fi èyí hun."

Àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi tún dé ẹ̀yìn ògiri.

"Ìyá, ẹ kú ìnira o. Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ìyá àgbà lọ́gun láti ìdí ààrò pé, "Hẹ̀n-ẹ́n, a dúpẹ́!"

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o. Ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ gbígbóná bá pa, a kì í sunkún rẹ̀. Ẹkún lè mú kó padà wá mú ẹlòmíràn. "A dúpẹ́" ni àwọn ará ilé á máa wí, wọ́n á sì tújú ká. Nítorí náà, nínú ilé tí wọ́n so màrìwò mọ́, bí o bá béèrè aláìsàn tí wọ́n ní "a dúpẹ́", ó ti tán nìyẹn.

Mo gbọ́ tí iṣu ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń lọ. Mo wo ojú ìyá àgbà, wọ́n ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ nídìí iná. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, bí wọ́n ṣe ń tújú ká náà nìyí.

Mi ò sunkún. Mo gbé ìrànwú. Mo ran òwú lọ́jọ́ náà, mo ràn án lọ́jọ́ kejì, mi ò jẹun. Ìyá àgbà fa òwú náà wò, ó tín-ín-rín bí irun, kò sí kókó kan lára rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí? O ò sì jẹun láti àná. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ìyá mi ti lọ. A dúpẹ́."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ wí i fún bàbá mi."

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ̀kọ ló béèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò fẹnu kan nǹkan. Ayọ̀ ló gbé ẹnu mi sọ!"

Wọ́n wọ́ mi dé ẹnu yàrá ẹ̀yìn tí wọn kì í jẹ́ kí n dé, wọ́n gbá ilẹ̀kùn. "Fọhùn sí ọmọ ẹ!"

Ohùn ìyá mi gbẹ bí ewé. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń di irun fún ẹ?"

Mo wá sunkún. Ìyá àgbà ò ní kí n dákẹ́.

Ó wá ku bàbá mi. Ìyá àgbà dúró ti ògiri, wọ́n ń pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n bá wa ránṣẹ́ sóko. Bí èèyàn bá gbọ́ ohùn láti ilé màrìwò, á sáré kọjá ni. Wọ́n pè títí ohùn wọn fi há. Ọjọ́ kẹta pé, bàbá mi ò dé. Ní ọjọ́ karùn-ún la gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọn ò béèrè nǹkan kan, iṣu ni wọ́n kàn ń tò sílẹ̀.

"Ẹ̀kọ méjì ló jẹ lánàá o!" Ohùn tó ti há náà ni ìyá àgbà fi ń pariwo. "Mẹ́ta ló jẹ láàárọ̀ yìí! Ó tún ń béèrè ẹran!"

A gbọ́ tí bàbá mi jókòó sílẹ̀ gbì. Bóyá ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, bóyá ẹkún ni wọ́n ń sun, ògiri ò jẹ́ kí n mọ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹran wo ló fẹ́?"

Ilẹ̀ gbígbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé, kò sí wolé-wolé tó ń bupá mọ́. Nígbà kòrónà, ẹ ń rí ojú ara yín lórí fóònù láti ìlú dé ìlú. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí ẹ ń dá ara yín lóhùn pé "a dúpẹ́, a dúpẹ́", àyà mi a máa já.

Nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, tí ibà ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún gbogbo ará ilé pé bí ẹnikẹ́ni bá dúró níta tó béèrè aláìsàn nínú ilé mi, bó bá jẹun, ẹ ní ó jẹun. Bí kò bá jẹ, ẹ ní kò jẹ. Bó bá sì kú, ẹ ní ó kú, kí ẹni tó ni ín lè sunkún.