Àwo Orin Àkọ́kọ́ Tó Wà Nínú Rédíò Ìyàwó Mi

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ ikú ìyàwó mi, mo tan rédíò kékeré tó fi sílẹ̀ sójú fèrèsé nílé wa ní Moshie Zongo. Orin kántírì àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn, bíi ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Kumasi: ọkùnrin kan, gìtá kan, ìbànújẹ́ jẹ́jẹ́. Ohun tí mo gbọ́ yàtọ̀. Ọmọbìnrin kan ń kọrin ìfẹ́, ìlù ń dún gbì-gbì lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ilé ijó. Gbogbo orin inú káàdì kékeré tó wà nínú rédíò náà ló rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ìyàwó mi máa ń sọ bí irú rẹ̀ bá dé lórí rédíò lọ́jọ́ Àìkú: "Èyí kì í ṣe kántírì o. Ó kàn dé fìlà wọn ni."

Mo rí àpò ìwé tí káàdì náà bá wá láàárín aṣọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwo orin àkọ́kọ́ olórin náà ni. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tí mi ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kọ pé: "Ti Màámi nìkan."

A ò bímọ.

Mo jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Mo wá ń yẹ ọdún tó lò kẹ́yìn wò bí ìwé ìdánwò ọmọ tí mo fura sí. Bí mo bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á sáré pa rédíò. Bí mo bá pè é láti yàrá, kì í dáhùn. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e síwájú mi, ẹnu mi ló sì máa ń wò bí mo bá ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń wá irọ́ níbẹ̀. Mo rò nígbà náà pé àwọn kan ti rojọ́ mi fún un. Inú bí mi, mo dín ọ̀rọ̀ kù. Wàyí o, mo rò pé òun gan-an ló ní nǹkan tó ń fi pa mọ́.

Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù kan ní Adum, láàárín ìlú, wà lẹ́yìn àpò ìwé náà. Mo wọ takisí lọ. Ọkùnrin tó ń ta orin níbẹ̀ á tó ẹni ogójì ọdún. Mi ò fẹ́ràn aago ọwọ́ rẹ̀ tó ń dán yanran. Mo fi èdè Twi bi í bóyá ó mọ ẹni tó ni káàdì. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá òun ti wá. Nígbà tí mo bi í nípa Màámi, ó rẹ́rìn-ín, ó fa páálí kan jáde. Àpò ìwé bíi mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà oníbàárà rẹ̀, "Ti Màámi nìkan" lára gbogbo wọn.

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Mo júwe ìyàwó mi fún un, mo ní ta ló yan orin yìí fún un.

"Màámi fúnra wọn ni, Alàájì. Mo ní, 'Màámi, èyí ò jọ tiyín.' Wọ́n gbé ọwọ́ lé sípíkà. Wọ́n ní gìtá ò dé etí àwọn mọ́, ìlù yìí nìkan ló ṣì ń dé ibẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí ìyàwó mi ò fi sọ fún mi.

"Wọ́n ní ẹ kì í pariwo. Pé bẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ó máa pariwo bá àwọn sọ̀rọ̀, àwọn ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín dáadáa paa."

Mo padà sílé. Àga rẹ̀ ṣì kọjú sí tèmi. Mo tan orin ọmọbìnrin náà, mi ò fọwọ́ kan ibi tí ìyàwó mi gbé ohùn rẹ̀ ga dé, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rédíò. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ohun tí mi ò sọ fún un lọ́dún yẹn, jẹ́jẹ́, mo ń la ẹnu dáadáa.